Òfin tí Bàbá Ṣe fún Ọmọ Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe yìí tọ̀nà nínú ilé. Kò sí ẹni tí yóò bá bàbá wí pé ó fẹ́ràn ọmọ tirẹ̀ ju ọmọ aládùúgbò lọ. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ó máa fi ojú òdì wò. Ṣùgbọ́n bí bàbá náà bá jẹ́ ọba ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ni òfin ti ń jáde, tí òfin tí ó fẹ́ ṣe sì dára lójú gbogbo aláàánú ènìyàn, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀, ṣé kí á yin irú ọba bẹ́ẹ̀ ni, àbí kí á bá a wí? Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nìyí. Kì í sì í ṣe ìbéèrè tí mo hun láti inú afẹ́fẹ́. Àwọn baba wa ti fi ẹ̀jẹ̀ dá a lóhùn rí, ní ilẹ̀ tí kò jìnnà sí ibi tí àwọn ìlú Afíjìó wà lónìí.

Ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn ń lọ sí Ọ̀yọ́ yóò gba Fìdítì kọjá, níbi tí àwọn obìnrin ti ń pàtẹ ọsàn àti ọ̀pẹ̀-òyìnbó sí etí títì, kí ó tó dé ìhà Ìlọrà àti Ọ̀yọ́. Ilẹ̀ wọ̀nyí tutù lónìí. Ẹ jẹ́ kí á wo bí wọ́n ti wà lórí ilẹ̀: Ọ̀yọ́ wà ní àríwá wọn, Ìbàdàn wà ní gúúsù, Ìjàyè sì wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ní ọdún 1860, nígbà tí ìlú mẹ́ta wọ̀nyí di ìdà mú sí ara wọn, ilẹ̀ tí Fìdítì àti Ìlọrà wà yìí ni ó wà láàárín. Ohun tí ó sì dá ìjà sílẹ̀, bí a bá wá a dé gbòǹgbò, ni òfin kan tí bàbá kan ṣe nítorí ọmọ rẹ̀.

Aláàfin Àtìbà ni bàbá náà. Ọmọ Aláàfin Abíọ́dún ni. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ti fọ́, tí Aláàfin Olúewu sì ti ṣubú lójú ogun Elédùwẹ̀, Àtìbà ni ó gorí oyè, ó sì ní ìpinnu mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ṣe tí yóò sọ bí ilẹ̀ Yorùbá yóò ti rí. Èkíní, kò padà sí Ọ̀yọ́ Ilé. Àgọ́ Ọ̀jà ni ó sọ di Ọ̀yọ́ tuntun. Èkejì, ó kó àwọn ará ìlú tí ó wà ní àyíká wá sí Àgọ́ kí olú-ìlú náà lè kún, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì fi ìfẹ́ inú ara wọn wá. Títí di òní, orúkọ àwọn àdúgbò kan nínú Ọ̀yọ́, bí Àkẹ̀ẹ̀tàn, Apáàrà àti Jàbàtá, ṣì ń rán wa létí ìlú tí wọ́n ti jẹ́ rí. Ẹ̀kẹta, ó mọ̀ pé agbára ogun kò sí lọ́wọ́ òun mọ́, nítorí náà ó fi oyè so àwọn tí ó ní agbára mọ́ ara rẹ̀: ó fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó sì fi Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ìbàdàn ni yóò máa ṣọ́ ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn, Ìjàyè ni yóò máa ṣọ́ ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ọgbọ́n ìṣèlú ni èyí, ọgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé ọba tí kò ní ọmọ ogun ní láti mọ iyì tí ó wà nínú oyè.

Ìpinnu kẹrin ni ó kàn wá jù. Ní Ọ̀yọ́, bí ọba bá wàjà, àwọn kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ bá a lọ. Olókùn-ẹṣin wà nínú wọn. Ìyá Ọba àti Ìyá Naṣó wà nínú wọn. Àrẹ̀mọ, àkọ́bí ọba lọ́kùnrin, sì wà nínú wọn pẹ̀lú. Nígbà tí Àtìbà ti darúgbó, ó wò ó pé Adélù, Àrẹ̀mọ òun, kò gbọ́dọ̀ kú nítorí pé òun kú. Ó bá àwọn ìjòyè sọ̀rọ̀. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí kò gbà. Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, Adélù gorí oyè bàbá rẹ̀, Ààrẹ Ìjàyè sì sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n ní ọba.

Lẹ́yìn èyí, obìnrin ọlọ́rọ̀ kan kú ní Ìjànà láìní àrólé. Òfin ni pé kí ogún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ààfin, ṣùgbọ́n Kúrunmí kò jẹ́ kí àwọn tí Aláàfin rán lọ sí ibẹ̀ ṣe iṣẹ́ wọn ní àlàáfíà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ogun. Ìbíkúnlé, Balógun Ìbàdàn, kò fẹ́ ogun náà; Ògúnmọ́lá ni ara ń hán. Ẹ̀gbá wá ran Ìjàyè lọ́wọ́. Fún ọdún méjì ni wọ́n fi ń jà. Kúrunmí kú ní ọdún 1861, kò rí òpin rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ọdún 1862, Ìjàyè fọ́. Ìlú ńlá náà di ahoro. Àwọn ará rẹ̀ tí ogun kò pa, tí ìyàn kò sì pa, di ẹrú tàbí ìsáǹsá.

Ó rọrùn láti fi ojú òní wo ọ̀rọ̀ yìí kí á sì sọ pé Àtìbà ni ó jàre. Ta ni ó lè dúró lónìí láti sọ pé ó yẹ kí á pa ọmọ nítorí pé bàbá rẹ̀ kú? Èmi kò lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí á tètè jókòó sí orí ìdájọ́, nítorí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu Kúrunmí tí ó yẹ kí á gbọ́. Ohun tí ó ń sọ ni pé: bí ọba bá lè yí òfin padà ní ọjọ́ tí òfin náà bá kan ilé tirẹ̀, kí ni òfin já mọ́? Àwọn ọba tí ó ti jẹ kí Àtìbà tó jẹ ní ọmọ, wọ́n sì fẹ́ràn ọmọ wọn. Wọ́n sọkún, wọ́n sì tẹríba fún òfin. Kí ni ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ Adélù tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ tiwọn? Ọ̀rọ̀ tí ó ní làákàyè ni. Ẹni tí ó bá ti rí i bí àwọn tí ó wà lórí àlééfà ti ń tún òfin kọ kí wọ́n lè pẹ́ sí i, tàbí kí ọmọ wọn lè rọ́pò wọn, yóò mọ̀ pé ẹ̀rù tí ó ba Kúrunmí kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀.

Síbẹ̀, ibi tí àlàyé Kúrunmí ti ya ni ibi tí ó ti pe àṣà náà ní ohun tí ó ti wà láti ìwáṣẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀, èyí tí ó parí ní ọdún 1897 tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ní ìgbà àtijọ́ Àrẹ̀mọ ni í máa ń jẹ ọba tẹ̀lé bàbá rẹ̀. Láti ìgbà Aláàfin Ojígí ni wọ́n ti sọ ọ́ di òfin pé kí ó máa bá bàbá rẹ̀ kú, nítorí ìwà ìkà Àrẹ̀mọ ìgbà náà. Ìdí mìíràn tún wà nínú rẹ̀: Àrẹ̀mọ ń bá bàbá rẹ̀ ṣe ìjọba pọ̀, ó sì súnmọ́ adé tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lè máa kán an láti gbà á. Bí ó bá mọ̀ pé ọjọ́ tí bàbá kú ni òun náà yóò kú, yóò máa gbàdúrà fún ẹ̀mí gígùn bàbá rẹ̀. A rí i nígbà náà pé àṣà tí Kúrunmí kú lé lórí, àwọn ènìyàn ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ìgbà kan nítorí ìṣòro kan. Ní ọ̀nà kan, Àtìbà ni ó ń padà sí ìpìlẹ̀, Kúrunmí ni ó ń gbèjà ohun tuntun. Èyí yẹ kí ó kọ́ wa ní ọgbọ́n nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá dúró níwájú wa tí ó ní bí a ti ń ṣe é nìyí láti ayébáyé. Kí á bi í léèrè pé, ayébáyé ti ìgbà wo?

Ṣùgbọ́n kí á má ṣe fi èyí gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àṣà tí a dá sílẹ̀ nítorí ìṣòro dà bí ọgbà tí a ṣe yí oko ká. Ẹni tí ó bá fẹ́ wó ọgbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè irú ẹran tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, kí ó sì fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀. Kí ni ó rọ́pò ikú Àrẹ̀mọ? Ìtàn ẹ̀yìn náà ni ó dá a lóhùn. Nígbà tí Adélù fúnra rẹ̀ wàjà, ọmọ rẹ̀ kọ́ ni ó jẹ tẹ̀lé e; Adéyẹmí, àbúrò rẹ̀, ni wọ́n fi jẹ ní ọdún 1876. Láti ibẹ̀ ni adé ti ń lọ láàárín ìdílé Agúnlóyè, ti Adélù, àti ìdílé Alówólódù, ti Adéyẹmí. Àrẹ̀mọ kò kú mọ́, ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ni yóò jẹ. Ọgbà tuntun nìyẹn: ìyàn tí ó wà lọ́wọ́ àwọn afọbajẹ. Kò sì fi gbogbo ìgbà rọrùn. Lẹ́yìn tí Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta wàjà ní oṣù kẹrin ọdún 2022, àríyànjiyàn kò jẹ́ kí oyè náà rí ẹni jẹ ẹ́ títí di oṣù kìíní ọdún 2025 tí ìjọba ìpínlẹ̀ kéde Abímbọ́lá Owóadé. Bí ó ti wù kí àríyànjiyàn náà gbóná tó, ilé ẹjọ́ ni wọ́n gbé e lọ. Ẹnikẹ́ni kò ko ogun lọ bá Fìdítì tàbí Ìlọrà. Mo ka èyí sí ìlọsíwájú.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìbéèrè wa: ṣé àǹfààní tí aṣòfin jẹ nínú òfin ń ba òfin náà jẹ́? Mo fẹ́ kí á yẹ ilẹ̀ mìíràn wò kí á tó dáhùn. Ìdí tí mo fi yan Amẹ́ríkà ni pé òun pẹ̀lú ní ìtàn nínú Ìjàyè. Thomas Bowen, oníwàásù Onítẹ̀bọmi láti Georgia, kọ́ ilé ìjọsìn sí Ìjàyè kí ogun tó dé. Richard Stone láti Virginia wà níbẹ̀ nígbà tí ogun ń jà. Láti ara iṣẹ́ wọn ni ìjọ Onítẹ̀bọmi ti tàn ká agbègbè náà, tí ó fi di pé ilé ẹ̀kọ́ girama Onítẹ̀bọmi wà ní Ìlọrà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ìjọ tí ó rán àwọn ọkùnrin náà wá, ọdún 1845 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí àwọn ará gúúsù Amẹ́ríkà yapa nítorí pé àwọn ará àríwá kò fẹ́ kí ẹni tí ó ní ẹrú jẹ́ oníwàásù ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ̀sìn tí ó wá sọ fún wa pé kí a má ta ara wa mọ́, lọ́dọ̀ àwọn tí ó ń ra ènìyàn ni ó ti wá.

Virginia tí Stone ti wá ni Washington àti Jefferson ti wá pẹ̀lú. George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́, kéde ní ọdún 1796 pé òun kò ní du ipò náà ní ìgbà kẹta, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin tí ó dí i lọ́wọ́ nígbà náà. Gbogbo ayé ni ó ń yìn ín títí di òní. Ó yẹ fún ìyìn, ṣùgbọ́n kí á rántí pé Washington kò bí ọmọ. Kò sí Àrẹ̀mọ tí ó ń wo ojú rẹ̀. Ìdánwò tí ó dé bá Àtìbà kò dé bá a. Thomas Jefferson, ààrẹ kẹta, ni ó fi ọwọ́ sí òfin tí ó fi òpin sí kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà láti òkèèrè, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1808. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́gbà ńlá ní Virginia ti ní ẹrú tó, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní àníjù. Bí ọjà òkèèrè bá ti tì, owó orí ẹrú tiwọn yóò gòkè. Aṣòfin àti àwọn ará rẹ̀ jèrè nínú òfin rere. Ṣé a ó wá sọ pé kí wọ́n má ti ṣe é? Ó dájú pé a kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kọ̀ọ̀kan tí kò gbé ènìyàn láti etíkun wa jẹ́ èrè, ohun yòówù tí ó wà ní ọkàn ẹni tí ó fọwọ́ sí i.

Èrò àkọ́kọ́ tí mo rí fà yọ nìyí: àǹfààní aṣòfin nìkan kò lè sọ òfin rere di búburú. Bí a bá ní kí á máa dúró de ọba tí kò ní ohunkóhun láti jèrè, àwọn tí òfin búburú ń pa yóò ti kú tán. Ṣùgbọ́n èrò kejì wà, òun ni ó sì wúwo jù. Jefferson ní ẹrú tí ó lé ní 600 ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1826, márùn-ún péré ni ó fi ìwé ìhágún rẹ̀ dá sílẹ̀. Inú ìdílé Hemings ni gbogbo wọn ti wá, ọ̀pọ̀ òpìtàn lónìí sì gbà pé méjì nínú wọn jẹ́ ọmọ tí ó bí fún Sally Hemings, ẹrúbìnrin rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1827, wọ́n pe àwọn oníbàárà jọ, wọ́n sì ta bí 130 nínú àwọn yòókù láti fi san gbèsè. Ó dá ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ ẹlòmíràn lọ sí ọjà.

Ibi tí Àtìbà àti Jefferson ti pàdé nìyí. Ẹ̀bi Àtìbà, lójú tèmi, kò sí nínú pé ó dá Adélù sí. Ó wà nínú pé Adélù ni àánú rẹ̀ dúró lé. Olókùn-ẹṣin ńkọ́? Ìyá Naṣó ńkọ́? Òfin tí ó bọ́ kúrò ní ọrùn ọmọ ọba, kò bọ́ kúrò ní ọrùn ìránṣẹ́ ọba. Ọba tí ó ti mọ̀ pé kò yẹ kí ènìyàn kú nítorí ikú ẹlòmíràn, bí ó bá mọ̀ ọ́n nítòótọ́, yóò mọ̀ ọ́n fún gbogbo ènìyàn. Bí ó bá mọ̀ ọ́n fún ọmọ rẹ̀ nìkan, ìfẹ́ bàbá ni ó mọ̀, kò tíì mọ òdodo.

Àbájáde rẹ̀ kò sì parí sí Ìjàyè. Ní ọdún 1944, Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà. Ọdún 85 ti kọjá láti ìgbà tí Àtìbà ti lọ. Olókùn-ẹṣin múra láti bá olúwa rẹ̀ lọ bí àwọn baba rẹ̀ ti ṣe. Àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì dá a dúró. Ọmọ rẹ̀ sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀ dípò bàbá. Dúró Ládiípọ̀ sọ ọ́ di eré ní èdè Yorùbá, Wọlé Ṣóyínká náà sì sọ ọ́ di eré ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ayé sì ti wò ó. Ohun tí n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ni pé gbèsè àtijọ́ ni a ń wò lórí ìtàgé náà. Ọmọ ọba kan bọ́ nínú ikú ní 1859. Ọmọ ìránṣẹ́ kan kú ikú kan náà lẹ́yìn rẹ̀. Bí àánú Àtìbà bá ti fẹ̀ tó láti bo gbogbo agbo ilé rẹ̀, òyìnbó kì bá tí rí ohun tí yóò dá dúró.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá fẹ́ fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò bí yóò ti dùn ún tó. Ìtàn ṣe èyí fún Kúrunmí láìbèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí ọmọ Àtìbà kú kí òfin lè dúró. Nínú ogun tí ó fi gbé ọ̀rọ̀ náà ró, wọ́n ní ọmọkùnrin rẹ̀ márùn-ún ni ó ṣubú. N kò sọ èyí láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀fọ̀ bàbá kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Mo sọ ọ́ nítorí pé ó fi hàn pé ọkùnrin méjèèjì ń ṣe àṣìṣe kan náà láti ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àtìbà rí ọmọ tirẹ̀, kò rí ọmọ àwọn tí ó ń sìn ín. Kúrunmí rí òfin, kò rí ọmọ ẹnikẹ́ni títí tí tirẹ̀ fi lọ.

Òṣùwọ̀n tí mo rò pé ó yẹ kí á máa fi wọn òfin kò le. Kí á má ṣe fi gbogbo agbára wa bèèrè bóyá aṣòfin yóò jèrè nínú rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìgbà ni yóò jèrè. Kí á bèèrè bóyá ó gbà kí òfin náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lè san án padà fún un: ẹni tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀, tí kò ní ọmọ ogun, tí kò ní oyè láti fi ṣe pàṣípààrọ̀. Àwọn tí Àtìbà bá ṣe ìpàdé nígbà tí ó fẹ́ yí òfin padà ni Ìbàdàn àti Ìjàyè, àwọn tí ó ní ìbọn. Kò sí ibi tí mo ti kà á pé ó ránṣẹ́ pe àwọn àgbẹ̀ tí ó wà ní ojú ọ̀nà láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ wọn ni ẹsẹ̀ ogun gbà. Ìpàdé ti wọ́pọ̀ ní ìlú wa lónìí, òfin sì ń jáde láràárọ̀. Nígbà tí a bá tún gbọ́ òkìkí òfin rere láti ẹnu alágbára, kí á dúpẹ́, kí á gbà á, kí á sì bi í ní ohùn jẹ́jẹ́ pé: Kábíyèsí, Olókùn-ẹṣin ńkọ́?